Irin tí Tàntí Ń Bomi Rin

Mo rántí ìgbà tí gbogbo èèyàn di kámáràdì ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Gùn. Ìyá tó ń ta gaàrí di kámáràdì, akọ̀wé di kámáràdì, olè tí wọ́n mú lọ́jà pàápàá, kámáràdì olè ni. Àwọn sójà ti gba ìjọba, wọ́n ní rẹfolúsíọ̀n ti dé, ayé ti yí padà. Redíò ń kígbe "Ehuzu!", pé ó ti yí padà, láti àárọ̀ dalẹ́, àwa náà sì ń kígbe tẹ̀lé e. Èmi alára pariwo títí ohùn mi fi há. Tíṣà ni mí nígbà náà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Houinmè. Mo da irun mi sílẹ̀ láìdì, mo ń wọ bàtà aláwọ tí okùn rẹ̀ ń já lójoojúmọ́, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ayé tuntun ń bọ̀ lọ́la, bóyá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Ilé bàbá bàbá mi là ń gbé, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà, tí òjò ti fọ ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ títí kò fi ní àwọ̀ kan pàtó mọ́. Bàbá àgbà ti ra ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá onírin kan lọ́wọ́ òyìnbó Faransé tó ń padà sílé, wọ́n sì kan ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná gbé omi kaná mọ́ ògiri lókè rẹ̀. Ṣofoó là ń pè é. Àwọn tó kọ́kọ́ wẹ̀ níbẹ̀ ti lọ sí ọ̀run, ọpọ́n kò lọ. Tàntí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló wá ni ín ju gbogbo wa lọ, nítorí orúnkún wọn tó ń ro wọ́n. Bí wọ́n bá ti jókòó sínú omi gbígbóná yẹn, wọn a mí kanlẹ̀, wọn a pe orúkọ Màríà Mímọ́, wọn a ní kí ẹnikẹ́ni má kanlẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ náà, irin kan yọrí jáde nínú ilẹ̀, kò ga ju ìka lọ. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ọyẹ́ bá ti dé tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sán, Tàntí a bu omi sí ìdí irin yìí láràárọ̀. Kí Bàbá àgbà tó kú, wọ́n sọ fún Tàntí pé, "Má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́." Tàntí kò béèrè ìdí. Èmi tí mò ń fi ẹfun ya irú irin bẹ́ẹ̀ sójú pátákó fún àwọn ọmọ, tí mò ń sọ fún wọn pé ilẹ̀ tó tutù ló ń gbé iná lọ dáadáa, mi ò fìgbà kan yà wo ẹ̀yìn ilé wa. Mo rò pé Tàntí ń bá àwọn ará ọ̀run sọ̀rọ̀ ni. Ìwé wà lórí mi bí ẹrù alábàárù, mi ò sì mọ ohun tí mo rù.

Ẹ jẹ́ kí n wá kan Tọ́ńtọ̀n. Òun ni àbíkẹ́yìn Bàbá àgbà, àbúrò Tàntí, ẹ̀yìn Tàntí ló sì dàgbà sí, torí ìyá wọn kò pẹ́ láyé. Akọ̀wé ni nílé iṣẹ́ ìjọba, ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kan ju pé ó ń lu òǹtẹ̀. Ìjọba yí padà, wọ́n sọ ọ́ di délégé, aṣojú ìjọba ní àdúgbò, ni ọ̀gbẹ́ni bá yí padà pẹ̀lú ìjọba. Ó ní gbogbo wa ti dọ́gba, kò sí àgbà, kò sí èwe. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Kámáràdì, o jí?" Ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí kò tilẹ̀ mọ ẹ̀yìn ẹni tó wà. Nítorí náà, ẹ má bínú, mi ò ní pè é ní "wọ́n" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òun ló ní a ti dọ́gba.

Tọ́ńtọ̀n ní ọpọ́n ìwẹ̀ wa jẹ́ ohun ìtìjú, ohun àwọn olówó tí ń mu ẹ̀jẹ̀ mẹ̀kúnnù. Ó sọ ọ́ ní ìpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ní ọjọ́ Sátidé, ó gbé táwẹ̀lì kọ́ èjìká, ó wọlé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ń kọrin. Ó ní ó yẹ kí èèyàn mọ bí ọ̀tá ṣe ń gbé ayé. Ó sì ń mọ̀ ọ́n ní gbogbo Sátidé.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, iná ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kú nígbàkigbà tí ṣofoó bá ń ṣiṣẹ́. Fúsíbù, wáyà tín-ín-rín tó máa ń já kí iná burúkú má baà kọjá, ló ń jó. Ohun tí fúsíbù ń sọ kò ju pé nǹkan ń ṣe ẹ̀rọ yìí, ẹ wá wò ó. Tọ́ńtọ̀n wà nínú ọṣẹ lọ́jọ́ kan nígbà tí iná kú. Ó jáde tòun ti ìhòòhò àti ìbínú, ó mú wáyà bàbà tó nípọn, ó fi di fúsíbù náà pinpin. "Kò ní jó mọ́ láé," ni ó wí. Òótọ́ ni, kò jó mọ́. Ẹni tí ajá rẹ̀ ń gbó olè, tó wá fi okùn di ajá lẹ́nu, ẹ ò ní sọ pé kò gbọ́n?

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àṣẹ dé pé kí wọ́n gbógun ti àwọn ohun ìbọ àti àwọn àjẹ́ tí ń dá orílẹ̀-èdè dúró. Àwọn ará kọ́mitẹ́, ìgbìmọ̀ ìjọba ní àdúgbò, ń ti ilé dé ilé, wọ́n ń kó ère, wọ́n ń fọ́ ìkòkò, wọ́n ń hú gbogbo irin tí wọ́n bá bá nílẹ̀, torí àwọn ará Gùn a máa ri irin mọ́lẹ̀ fún àwọn òkú wọn. Tọ́ńtọ̀n kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ń gbè lẹ́yìn ilé bàbá òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá Tàntí níbi tí wọ́n ti ń bu omi sí ìdí irin wọn.

"Kámáràdì, kí lò ń bọ?"

"Bàbá ló ní kí n máa fún un lómi."

"Bàbá ti kú! Òkú kì í pàṣẹ fún rẹfolúsíọ̀n!"

Ó gé wáyà tó wà lára irin náà, ó fi ọkọ́ yẹ ìdí rẹ̀, òun àti géńdé méjì sì fà á jáde. Irin náà gùn tó ọ̀pá darandaran. Wọ́n gbé e lọ sí kọ́mitẹ́ pẹ̀lú orin.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, a gbọ́ igbe láti ilé ìwẹ̀. Tọ́ńtọ̀n ti ki ẹsẹ̀ kan bọ ọpọ́n, ó wá di ẹnu ẹ̀rọ omi mú, omi sì gé e jẹ. Ó fò jáde, ó ṣubú. Mo sáré dé, ẹ̀rù bà mí gan-an, torí iná tó lè ju ọkùnrin tó tóbi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lè pa á. Àmọ́ nígbà tí ẹnu rẹ̀ là, ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé, "Òun ni! Mo gba òrìṣà rẹ̀, ó wá rán omi sí mi. Àjẹ́ ni!" Tàntí dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n mú wá láti fi bò ó. Wọ́n rọra gbé aṣọ náà sílẹ̀, wọ́n lọ.

Ìwà òmùgọ̀ kò níbi tó mọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó kọ ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí kọ́mitẹ́? Ó di pé wọ́n máa gbé Tàntí síwájú àdúgbò, pé kí Tàntí jẹ́wọ́ pé àjẹ́ làwọn. Bí Tàntí bá jẹ́wọ́, kọ́mitẹ́ á tún gbé wọn lọ jẹ́wọ́ ní redíò, kí gbogbo ayé gbọ́, wọ́n á sì lé wọn kúrò nílé bàbá wọn lọ sí oko ẹbí kan ní Avrankou. Bí wọn kò bá jẹ́wọ́, àtìmọ́lé ni. Obìnrin tí kò lè fi orúnkún rẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Igbe "Ehuzu" kú mọ́ mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà, kò sì jí mọ́.

Mo wọ bàtà rọ́bà, mo nu ọwọ́ mi gbẹ. Mo lọ sídìí kọ́ntọ́ọ̀, àpótí tí iná ti ń wọlé, mo yọ àwọn fúsíbù, mo sì kó wọn sínú àpò mi, kí akọni kan má baà dá wọn padà nígbà tí ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀rọ. Mo ní gílóòbù kékeré kan tí mo so mọ́ wáyà méjì. Kí n tó yọ fúsíbù ni mo ti dán an wò níbi tí iná wà, ó tàn. Mo wá dán an wò lára ẹ̀rọ, kò tàn. Ìgbà náà ni mo tó fọwọ́ kàn án. Mo ṣí ìdérí ṣofoó. Irin tí ń gbóná nínú rẹ̀ ti là, omi ti wọnú rẹ̀, iná sì ń gba ojú ibi tó là sá sínú omi. Mo wá tọ wáyà kan tó jáde lára ẹ̀rọ, ó gba inú ògiri, ó yọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sì parí sí ẹnu ihò kan. Wọ́n ti gé e.

Mo dúró lórí ihò náà bí ẹni tí wọ́n fọ́ létí. Irin tí Tàntí ń bomi rin ni ọ̀nà tí iná tó bá sá ń gbà wọ ilẹ̀ lọ, kó má baà gba ara èèyàn. Omi tí wọ́n ń bù sí i ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ kó kọ iná. Ẹ̀rọ ṣàìsàn, fúsíbù pariwo, Tọ́ńtọ̀n fún fúsíbù lọ́rùn. Ó ku irin, Tọ́ńtọ̀n hú irin. Ó wá bọ́ sínú omi.

Mo lọ bá a, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un kúlẹ́kúlẹ́. Ó gbọ́ ọ yé, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e. Ó wá bi mí pé, "Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan."

"Tó, jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Mo ti sọ̀rọ̀ ní kọ́mitẹ́. Délégé kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Kó kàn jẹ́wọ́ díẹ̀, a ó bá a bẹ̀bẹ̀. Ìjẹ́wọ́ kì í pa èèyàn."

Mo wo ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ẹ̀kọ tí Tàntí ń tà ni wọ́n fi bọ́ ẹnu yẹn.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Tàntí wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ gba ara Olúwa, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́, rosárì lọ́wọ́. Lórí tábìlì kọ́mitẹ́, wọ́n to àwọn ère àti agogo, wọ́n sì gbé irin ilé wa lé wọn lórí bí ọba gbogbo òrìṣà. Olórí kọ́mitẹ́, ọkùnrin oníkùn kan tó ń gbé ilé ẹlẹ́wà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó sá lọ, dìde, ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Ó ní kí Tàntí sọ̀rọ̀. Tàntí ní, "Bàbá mi ló ní kí n máa bu omi sí i. Èmi kì í bi bàbá mi ní ìdí." Àwọn èèyàn hó lé Tàntí lórí. Tọ́ńtọ̀n ń wo bàtà rẹ̀.

Ni mo bá dìde. Mo lọ gbé irin náà lórí tábìlì. Àwọn ará kọ́mitẹ́ sún sẹ́yìn, àwọn ẹni tí kò gba òrìṣà gbọ́! Mo fi ìdè tó wà lórí rẹ̀ hàn, àti ìyókù wáyà tó ṣì rọ̀ dòdò níbẹ̀. Mo ní, "Tọ́ńtọ̀n, wáyà tí o gé yìí, ibo ló ti wá?" Mo sọ iṣẹ́ irin náà fún gbogbo àdúgbò bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì, mo ní, "Ilé tó bá ní ṣofoó tàbí fírígò, tí wọ́n bá hú irin yìí, gbogbo ohun onírin inú ilé náà lè di ikú."

Olórí kọ́mitẹ́ na ọrùn wo irin náà. Ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Irú èyí gan-an? Mo hú ọ̀kan lẹ́yìn ilé mi."

"Èmi náà hú ọ̀kan," ni akọ̀wé wọn wí.

"Yéè! Ìyàwó mi wà nílé ìwẹ̀!" ni ẹlòmíràn nínú wọn ké.

Ẹ wá wo eré sísá! Àga ṣubú, olórí kọ́mitẹ́ ń fi ikùn ṣíwájú, akọ̀wé gbàgbé fìlà rẹ̀ sílẹ̀, olúkúlùkù ń sáré lọ yọ fúsíbù ilé rẹ̀. Wọ́n fi ère sílẹ̀, wọ́n fi rẹfolúsíọ̀n sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí láti sọ pé Tàntí kì í ṣe àjẹ́.

Tàntí ṣì jókòó lórí bẹ́ǹṣì. "Ṣé wọ́n ti dá mi sílẹ̀ ni?"

"Wọ́n ti sá lọ, Tàntí."

Tàntí nawọ́ gba irin náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ṣe ọ̀pá, a sì rìn lọ sílé.

A ri irin padà, a so wáyà rẹ̀ mọ́ ọn, a tú wáyà burúkú inú fúsíbù, a ra irin tuntun fún ṣofoó ní Kutọnu. Sátidé àkọ́kọ́, Tọ́ńtọ̀n ló kọ́kọ́ wẹ̀. Tàntí kò wẹ̀ níbẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Omi ìkòkò ni wọ́n ń fi ra orúnkún wọn. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kò yé bu omi sí ìdí irin náà. Mo bi wọ́n pé nítorí ta ni, nígbà tí àwọn kì í wẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Àbúrò mi ń wẹ̀ níbẹ̀." Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń gbé àga kejì sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí lẹ́nu àbúrò wọn. Tọ́ńtọ̀n a kọjá, a ní, "Kámáràdì, o káalẹ́."

Àwọn kámáràdì ti di ọ̀gá, wọ́n ti di mùsíọ̀ padà. Ọdún kejì tí a sin Tàntí, mo jí láàárọ̀ ọyẹ́ kan, mo yọjú lójú fèrèsé. Tọ́ńtọ̀n ti darúgbó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí irin náà pẹ̀lú ago omi. Ó ń dà á díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bínú sí mi." Mo fẹ́ ṣàánú rẹ̀, n kò rí i ṣe. Irin ni. Kì í ṣe etí Tàntí.

Òun náà ti lọ. Èmi ló kù tí mò ń bu omi níbẹ̀ báyìí, tí àwọn ayálégbé ń wò mí bí abọ̀rìṣà. Mi ò bá irin náà sọ̀rọ̀ rárá. Bí mo bá ti da omi tán, mo máa ń wọlé lọ kí ẹni tó ṣì wà láàyè.