Àgbàlá Tó Mọ́ Jù ní Ìbà

Bí Ìyá Taofeek bá ti kírun àárọ̀ tán ní ilé wọn ní Ìbà, ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń mú. Ewé kan kì í sùn nílẹ̀ ní àgbàlá wọn. Ìdí nìyí tí Sàmíát, ọmọ wọn obìnrin, kò fi rò ó lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ní kó wá iyẹ̀pẹ̀ ibi mímọ́ kan tí yóò fi wé ti ibi ìdọ̀tí.

Ẹ̀kọ́ nípa ohun tó ń pò mọ́ ilẹ̀ àti omi ni Sàmíát ń kọ́. Ó ti bu iyẹ̀pẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sun wáyà, ó ti bu ti etí títì ní Okokomáíkò. Ti ilé ló bù gbẹ̀yìn, ó sì ti kọ “mímọ́” sára ike rẹ̀ kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀.

Gbénga tó ń bójú tó ẹ̀rọ àyẹ̀wò ló pè é. Ó ní òjé, irin olóró tí wọ́n ń pè ní lead, tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ yẹn ju ti gbogbo yòókù lọ. Sàmíát rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá ike ló ṣì mú. Gbénga kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀, òun sì ti tún àyẹ̀wò náà ṣe, èsì kan náà ló jáde. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

“Ṣé ọmọdé wà níbi tó o ti bù ú?”

Ọ̀rọ̀ Saléwá ló sọ sí Sàmíát lọ́kàn, ọmọ Taofeek ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ìyá wọn ń tọ́. Nígbà ọdún ìtúnu ààwẹ̀, gbogbo ènìyàn ni ọmọ náà ń pè lórúkọ. Ní báyìí, ìka ló ń nà sí nǹkan. Ìyá ní eyín ló ń hù.

Ó délé, ó mú ṣọ́bìrì, ó sì ń gbẹ́ ilẹ̀. Ìyá dúró tì í.

“Sàmíát, ṣé iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fún yín dípò sátífíkéètì ni? Wàá dí ihò yẹn o.”

Yanrìn òkè kò nípọn ju eékánná lọ. Ilẹ̀ dúdú ló wà lábẹ́ rẹ̀, àfọ́kù ike bátìrì ọkọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ó béèrè ibi tó ti wá. Ìyá fi ìdùnnú sọ pé olóògbé bàbá wọn ló gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ́ bátìrì, tí wọ́n fi kún àgbàlá nígbà tí àgbàrá ń wọlé. Láti ìgbà náà, omi kò wọlé mọ́. Yanrìn funfun tí wọ́n dà lé e sì dé kókósẹ̀ nígbà náà.

Sàmíát wo ìgbálẹ̀ tó fara ti ògiri, tó ti jẹ dé ìdajì. Láràárọ̀, díẹ̀díẹ̀, òun ló gbá yanrìn náà lọ.

Saléwá ti jókòó sétí ihò, ó ń lá ìka. Sàmíát já a gbà, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá: pé òjé kò ní òórùn, pé ọpọlọ ọmọdé ló ń wọ̀, pé wọ́n gbọ́dọ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò lónìí. Bí Ìyá ti máa ń ṣe bí ọkàn wọn bá dàrú, wọ́n na ọwọ́ mú ìgbálẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbálẹ̀ mọ́.”

Ìyá dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, wọ́n fọwọ́ kan àyà ara wọn.

“Saléwá. Ta nìyí?”

Ọmọ náà wo ẹnu wọn títí. Lẹ́yìn náà ló nàka sí ìgbálẹ̀.

Ìyá rọra gbé ìgbálẹ̀ náà sílẹ̀ kí eruku má baà sọ, wọ́n sì wọlé lọ mú ìborùn tí wọ́n fi ń jáde.