Kámẹ́rà Tí Àgbìgbò Kò Ní Sá Fún

Ẹnu Ambrose ló kó o sí wàhálà. Ká ní ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà nínú ọgbà gẹdú Àlàájì Àdìó, kò sí ohun tí ìbá gbé e gun orí àga lábẹ́ igi l'Áyèká, tí ẹyẹ yóò máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí ogun abẹ́lé parí ni. Ambrose ni onífọ́tò tó ní ìsọ̀ lójú ọ̀nà ọjà Okitipupa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú nítorí ọdún mẹ́tàdínlógún tó fi ń ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú. Kámẹ́rà onípákó ló ní, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ga débi pé ewúrẹ́ àdúgbò máa ń sá sábẹ́ rẹ̀ bí òjò bá ṣú. Wọ́n ní ó ya òkú kan ní Akotogbo tó kọ́kọ́ tún ọrùn aṣọ ara rẹ̀ ṣe. Èmi kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Agatha ìyàwó rẹ̀ a máa fọ epo l'Áyèká. Ambrose lọ bá a níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fẹ̀yìn ti igi afàrà ńlá kan, ó ní kí òun sinmi díẹ̀. Bó ṣe gbójú sókè, ó rí àgbìgbò kan tó fò wá, ẹyẹ dúdú tí ẹnu rẹ̀ gùn bí àdá, tí àwọn àgbà ń sọ pé orí rẹ̀ tóbi ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. Èso wà lẹ́nu rẹ̀. Ó so rọ̀ mọ́ ara igi níbi ihò kan tí wọ́n ti fi amọ̀ rẹ́ bí ògiri, àfi àlàfo tí kò ju ìka méjì lọ. Ẹnu ẹyẹ mìíràn yọ láti inú àlàfo náà, ó gba èso, ó sì wọlé padà.

Ambrose kò sinmi mọ́. Ó jókòó títí oòrùn fi rọlẹ̀, ọkọ lọ, ọkọ bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Abo ẹyẹ ti mọ ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú ẹyin, ọkọ ló ń bọ́ ọ. Ìyẹ́ apá abo náà wà nílẹ̀ káàkiri lábẹ́ igi. Ó ti tu gbogbo rẹ̀ nínú ihò, ó sì tì í jáde gba àlàfo, kò lè fò bí ohunkóhun bá dé. Ìgbà tí Ambrose dìde tó fẹ́ máa lọ ni ó rí ẹfun tí wọ́n fi kọ àmì sí ìdí igi náà. Àmì Àlàájì Àdìó ni. Wọ́n fẹ́ gé e.

Àlàájì Àdìó ni oníṣòwò gẹdú tó lówó jù ní gbogbo agbègbè náà. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni ọgbà gẹdú rẹ̀ wà, ìdí fèrèsé ló sì máa ń jókòó sí. Bí ebi bá ń pa á, yóò wúkọ́, ọwọ́ kan tí wọ́n lé lààlì sí èékánná rẹ̀ yóò yọ láti ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé, yóò na abọ́ àkàrà sí i, yóò sì wọlé padà. Hàwáù ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Ẹlẹ́hàá ni, kì í jẹ́ kí ọkùnrin tí kì í ṣe ará ilé rí òun. Ọdún mọ́kànlá ni Ambrose ti ń wọlé wọ̀de níbẹ̀, ọwọ́ yẹn nìkan ló mọ̀.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé afàrà tó wà l'Áyèká yẹn," ni Ambrose wí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Abiyamọ wà nínú rẹ̀."

"Abiyamọ? Nínú igi?"

Ambrose ròyìn ohun tó rí. Àwọn agégi tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi ṣubú sínú ìyẹ̀fun pákó.

"Fọ́tò, ẹmu àná ni àbí ti òní?"

"Ẹyẹ tó ń fi ìyàwó sílé, tó ń lọ wá oúnjẹ! Ṣé ó máa ń fún un lówó ọbẹ̀ náà ni?"

Àlàájì kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ambrose, onífọ́tò ni ọ́ àbí apàlọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí òní, lọ́jọ́ Ajé, ayùn dé ìdí igi yẹn. Ya fọ́tò ọkọ níbi tó ti ń bọ́ ìyàwó, kí n fi ojú ara mi rí i. Bí mo bá rí i, n ó fi igi sílẹ̀ títí ọmọ wọn yóò fi fò. Bí n kò bá rí i, má tún bá mi sọ̀rọ̀ ẹyẹ mọ́."

Ọ̀rọ̀ kékeré! Ambrose fi kẹ̀kẹ́ gbé kámẹ́rà pákó lọ sí Àyèká. Kó tó na ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó tó borí, kó tó ki gíláàsì tí àwòrán ń mọ́ lára bọ̀ ọ́, àgbìgbò ti bọ́ ìyàwó rẹ̀ tán, ó ti dé Àjàgbà, ó sì ti kí àwọn àna rẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá hàn gbangba pé kámẹ́rà mìíràn ló kù kó wá.

Ọ̀dọ̀ Màmúdù ló lọ, ẹni tó ń gbé àpò kámẹ́rà wá láti Èkó ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Màmúdù ní òun yóò gba ti pákó ní pàṣípààrọ̀, nítorí òyìnbó kan wà l'Ékòó tó ń kó irú rẹ̀ sí pálọ̀. "Ẹ máa gbé tèmi lọ dán wò, Ọ̀gá Fọ́tò. Èyí tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dá a padà lọ́jọ́ ọjà."

Èyí àkọ́kọ́ lójú méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Òkè rẹ̀ ni èèyàn ti ń wo inú dígí, tí yóò tẹrí ba bí ẹni tó ń wo kànga. Ambrose ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún wo èèyàn ní ìdoríkodò nínú ti pákó, ìyẹn kò dà á láàmú. Ṣùgbọ́n èyí ń yí ọ̀tún padà sí òsì. Àgbìgbò fò sí ọ̀tún, Ambrose yí kámẹ́rà sí òsì. Ẹyẹ padà sí òsì, òun náà gba ọ̀tún lọ. Níkẹyìn, ó yípo lórí àga títí ó fi já bọ́ sínú agbada epo Agatha.

"Bàbá Lucy," ni Agatha wí bó ṣe ń fà á jáde, "bí o bá fẹ́ jẹ epo, ṣé kò yẹ kí o béèrè ni?"

Èkejì jẹ́ ará Jámánì, kékeré, tí kì í dún, bí ológbò tó ń rìn lórí ẹní. Inú Ambrose dùn. Ó tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mẹ́rìndínlógójì, ó sá wálé, ó fọ fíìmù. Dúdú! Ìbẹ̀rẹ̀ dúdú, òpin dúdú. Ó ń bú Màmúdù àti ìdílé Màmúdù lọ nígbà tí Agatha gbé kámẹ́rà náà sókè.

"Ṣé kí ọmọrí yìí máa wà lójú rẹ̀ nígbà tí o bá ń yà á ni?"

Ambrose wo ọmọrí, ó wo fíìmù, ó wo òrùlé. Ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ń wo ti Jámánì yìí, kì í ṣe ojú rẹ̀ gan-an. Bí o bá di ojú rẹ̀ ní aṣọ, kò ní sọ fún ọ. Ó ra fíìmù mìíràn, ó ṣí ọmọrí, ó tún yà á. Lọ́tẹ̀ yìí, àgbìgbò jáde, ṣùgbọ́n kò tó ẹ̀gúsí kan. Màmúdù ní irú kámẹ́rà yẹn kì í gba ojú gígùn tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́.

Ẹ̀kẹta wá láti Japan. Ojú gígùn bí ọmọ odó ni Màmúdù dè mọ́ ọn, ohun tí ojú náà bá sì rí ni Ambrose ń rí. Ó gbé e sókè, ó rí ìpéǹpéjú ẹyẹ. Ìpéǹpéjú! Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

GBÀKÀ!

Dígí kan wà nínú rẹ̀ tó ń fò sókè bí pàkúté. Èso bọ́ lẹ́nu àgbìgbò, ó fò lọ, kò padà títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹnu ìyàwó rẹ̀ yọ nínú àlàfo, kò rí nǹkan gbà, ó wọlé. Ó tún yọ. Ambrose kò lè wò ó mọ́.

Lọ́jọ́ ọjà, ó já ariwo mọ́ Màmúdù lórí. "Ọ̀kan ń ríran sí òdì, ọ̀kan fọ́jú kò sọ, ọ̀kan ń lọgun bí aṣiwèrè! Ṣé kò sí kámẹ́rà láyé yìí tó ní ojú, tó sì ní làákàyè?"

"Ọ̀gá Fọ́tò, bí ìyàwó náà ṣe rí nìyẹn. Èyí tó mọ ọbẹ̀ sè lè máa pariwo."

"Ta ni ò ń bá wí?" ni Agatha béèrè lẹ́yìn wọn. Màmúdù rántí pé ọkọ̀ òun fẹ́ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn dé. Ambrose jókòó lábẹ́ igi, kámẹ́rà Japan lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kò láyà láti tẹ̀ ẹ́. Agatha jókòó lẹ́bàá ibẹ̀, ó ń pa ẹ̀kùrọ́ lórí òkúta. Kà! Kà! Kà!

"Ìyá Lucy! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, dákẹ́ ariwo yẹn. Ẹyẹ ò ní wá!"

"Ẹyẹ wo? Èyí tó wà lókè orí rẹ yẹn?"

Ambrose gbójú sókè. Àgbìgbò so mọ́ ara igi, ó ń fi sùúrù bọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ojoojúmọ́ ni mo ń pa ẹ̀kùrọ́ níhìn-ín," ni Agatha wí. "Kì í sá. Ìgbà tí o bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí olè, tí nǹkan wá dún gbàkà lójijì, èmi náà á sá."

Ó gbé òkúta sílẹ̀. Ambrose fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lẹ́sẹ̀. "Pa á! Má dúró! Pa á lọ!"

Kà! Kà! Gbàkà! Kà! Gbàkà! Ẹyẹ kò mọ èyí tí í ṣe ẹ̀kùrọ́, kò mọ èyí tí í ṣe Japan. Agatha pa gbogbo ẹ̀kùrọ́ agbọ̀n náà tán, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèpo lásán, ó ń kùn pé òun kò fẹ́ ẹyẹ, ọkọ ni òun fẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Ambrose gbé fọ́tò kan ṣoṣo tó dára jù lọ bá Àlàájì. Àwọn agégi ti gbé ayùn lé èjìká.

Àlàájì wò ó pẹ́. "Ọkọ rè é lóòótọ́. Ìyàwó dà?"

"Ẹnu rẹ̀ rè é, níbi tó ti ń gba èso."

"Ẹnu lásán? Fọ́tò, ìwọ lo kọ́ wa: ká jókòó dáadáa, ká kọjú síwájú, kí etí méjèèjì hàn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì hàn. Ìyàwó tí kò lójú tí kò lẹ́sẹ̀, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀ka igi ni? Ẹ máa lọ gé e."

Ojú Ambrose ṣú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin! Àga, epo, ọmọrí, ẹ̀kùrọ́! Ó la ẹnu láti sọ ohun tí wọn ì bá fi lù ú. Àlàájì wúkọ́, ọwọ́ yọ láti ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé, ó na abọ́ àkàrà jáde, Àlàájì dì í mú.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀! Ẹ má mira!"

Bí Ambrose ti ń pàṣẹ fún oníbàárà nìyẹn. Gbogbo wọn dúró gbagidi, títí kan ọwọ́ náà.

"Àlàájì, ta ló ń fún yín ní àkàrà?"

"Ìyàwó mi ni. Kí ló dé?"

"Ìyàwó dà? Etí rẹ̀ dà? Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà? Ọwọ́ lásán ni èmi rí. Ọdún mọ́kànlá, ṣé mo wí lọ́jọ́ kan pé ẹ kò níyàwó?"

Nígbà náà ni ẹ̀rín obìnrin bú jáde lẹ́yìn aṣọ, ẹ̀rín gbọ̀ọ̀rọ̀ tó mi fèrèsé. "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnìkejì mi sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀ o."

Àlàájì ṣe bí ẹni fẹ́ bínú, ẹ̀rín sì gbà á lẹ́nu. Ó ní kí àwọn agégi gbé ayùn sílẹ̀ títí ọmọ ẹyẹ yóò fi fò. Ó mú fọ́tò, ó nà án sí ẹ̀yìn aṣọ, ọwọ́ gbà á, ó wọlé.

Báyìí ni kámẹ́rà Japan ṣe di ti Ambrose, tí ti pákó lọ sí Èkó, tí ewúrẹ́ kò rí ibi sá òjò mọ́. Ṣùgbọ́n fíìmù fọ́tò kan ṣoṣo yẹn ti fàya nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kò lè tẹ òmíràn. Ó ti lọ béèrè rẹ̀ nídìí fèrèsé ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ a yọ jáde wẹ́rẹ́, a na àkàrà méjì sí i, a sì wọlé padà.