Nígbà Tí A Fẹ́ Kó Lọ sí Ìbìní

Òórùn pákó ọ̀gánwó ló máa ń gba ilé wa kan ní Àrámọ̀kọ láyé ìgbà náà. Ìsọ̀ káfíńtà ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí a háyà, nítorí náà bí ó bá ti ń fági, ìyẹ̀fun igi á bà sínú ọbẹ̀, á bà sára aṣọ tí mo sá, á sì wọ inú irun àwọn ọmọ. Bí àsìkò kòkó bá dé, òórùn kòkó tí àwọn aládùúgbò sá síwájú ilé á tún dà pọ̀ mọ́ ọn, á kan díẹ̀, á dùn díẹ̀. Mo ń ránṣọ nígbà náà. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi àti ọkọ mi a sì máa bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé láìdá iṣẹ́ dúró. Ojú fèrèsé yẹn ló ti kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun fẹ́ kí a kó lọ sí Ìbìní.

Òmìnira kò tíì pẹ́ rárá. Ìwọ náà á rántí bí ó ṣe rí: ó dà bí ẹni pé gbogbo ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ní agbègbè wa, láti Ìjerò títí dé Òkè-Ìmẹ̀sí, ló ń di ẹrù sórí ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ti ń gbé Ìbìní, ó sì ní iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀ ju ọwọ́ lọ, ilé ìjọba ni o, àga ilé ẹ̀kọ́ ni o, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni o. Pákó tí ọkọ mi ń dúró dè títí tí oníṣẹ́ á fi bínú, ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ ni wọ́n ń já a sí fún wọn níbẹ̀. Ọkọ mi kì í ṣe aláriwo. Bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kan tó tún un sọ, kí o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Èmi ni mo ń ṣiyèméjì. Ìyá mi wà ní Ẹ̀fọ̀n, opó ni, àbúrò mi ọkùnrin sì ti lọ ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, èmi nìkan ló kù sí ìtòsí rẹ̀. Bàbá wa ti kú láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Ó bá àwọn agégẹdú lọ sí igbó lọ́nà Ìbìní, igi sì wó pa á. Ohun tí gbogbo Ẹ̀fọ̀n mọ̀ nìyẹn. Mo rántí ọjọ́ tí ìròyìn náà dé. Ìyá mi dìde, ó di ẹrù, ó lọ fúnra rẹ̀ láti mú irun àti èékánná ọkọ rẹ̀ wálé, nítorí àwọn àgbà ilé ní a kò gbọdọ̀ fi ọmọ wa sílẹ̀ nínú igbó onígbó láìmú nǹkan kan bọ̀ lára rẹ̀. Nígbà tí ó dé, ó gbé aṣọ funfun kékeré kan tí a ta ní kókó lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́wọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sin sí ẹ̀yìn ilé. Àwọn àgbà ìjọ gbàdúrà, ìyá mi wọ dúdú, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní ṣú òun lópó. Èmi ni mo máa ń gbá ojú oórì náà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé títí mo fi lọ sílé ọkọ. Wàá rí i pé Ìbìní kì í ṣe orúkọ tó dùn létí mi.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, mo rò pé yóò figbe ta. Kò figbe ta. Ó ń yan gààrí lọ́wọ́, ó sì ń yan án lọ. Ó ní, "Àkúrẹ́ ńkọ́? Ṣé wọn kì í lo pákó ní Àkúrẹ́ ni?" Mo ní Ìbìní ni ọ̀rẹ́ ọkọ mi wà. Ó tún ní, "Àkúrẹ́ sún mọ́ ulé." Nígbà tí mo padà, ọkọ mi ní kí n lọ fi ojú ara mi wo ìlú náà, pé ohun tí mo bá sọ nígbà tí mo bá dé ni a ó ṣe.

Mo wọ bọ́lẹ̀kájà dé Àdó, mo tún wọ òmíràn gba Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀. Bí a ṣe ń kọjá Ìfọ̀n, igbó pa ojú ọ̀nà dé, mo sì ń wo àwọn igi ńláńlá yẹn, mo ń bi ara mi pé irú èwo ló wó lu bàbá mi. Ìlú tí mo bá yàtọ̀ sí èyí tí mo ti rò. Ilẹ̀ pupa, ògiri pupa, òpópónà tó fẹ̀, omi ẹ̀rọ létí títì tí àwọn obìnrin tò sí pẹ̀lú garawa. Ìyàwó ọ̀rẹ́ ọkọ mi gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fi yàrá méjì tó ṣófo hàn mí, ó fi ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ á máa lọ hàn mí, ó sì ní obìnrin tó mọ aṣọ rán kò ní rójú sùn níbẹ̀. Kí n má purọ́ fún ọ, inú mi ti gba ìlú náà kí oòrùn tó wọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ó mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la igi, kí n lè ròyìn pákó fún ọkọ mi. Ariwo ẹ̀rọ ìlagi ń dún gbọ̀ngbọ̀n. Bí wọ́n ṣe pa ẹ̀rọ náà, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn òkìtì pákó, ó ń bá ẹnì kan wí pé kí ó kó àwọn yẹn lọ sí "ulé" oníbàárà kíá. Ulé! Bí a ṣe ń pe ilé ní Ẹ̀fọ̀n nìyẹn. Àárín àwọn tí mi ò gbọ́ èdè wọn, tí mo gbọ́ ulé, inú mi dùn bí ẹni rí ọmọ ìyá rẹ̀. Mo yí òkìtì pákó náà po, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o, bàbá. Ará ulé ni yín?"

Bàbá náà yíjú. Ó wò mí. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà, bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Lẹ́yìn náà ló pe oríkì ìyá mi. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè o, oríkì rẹ̀ ni, èyí tí àwọn tó lè fi pè é ti kú tán nílé wa. Ó pè é jẹ́jẹ́, ó sì ní, "O tún wá?"

Mo wo ojú náà, ojú àbúrò mi tó wà ní Kàdúná ni mo rí níbẹ̀, iwájú orí náà, imú náà, àfi pé ó ti hu irun funfun. Mo rántí àwọn ìtàn àkúdàáyà tí wọ́n ń sọ fún wa ní kékeré, pé òkú a máa lọ gbé ìlú òkèèrè, á ṣòwò, á bímọ, ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá sì ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ni yóò pòórá. Mo ń dúró kí ó pòórá. Kò pòórá. Ó ń làágùn. Ó wúkọ́. Ìyẹ̀fun igi wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo ní, "Èmi kọ́. Ìyá mi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀."

Ó wá ibi jókòó sí lórí ìtì igi. Mo ní, "Ẹ ti kú. A sin yín."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Bi ìyá rẹ." Ó sorí kọ́, ó wá béèrè àbúrò mi, tí kò tíì máa rìn nígbà tí ó fi wá sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó ga?"

Ibi tí a wà nìyẹn tí ọmọbìnrin kan fi gbé oúnjẹ rẹ̀ dé, ọmọge tó ti tó relé ọkọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi ní èdè ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ sì là bíi tèmi. Mo dìde. N kò mọ bí mo ṣe dé ilé tí mo wọ̀ sí. Ìyàwó ọ̀rẹ́ ọkọ mi rò pé ibà ló kọlù mí.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, ọkọ̀ dúró ní Àrámọ̀kọ, n kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀fọ̀n ni mo bá a dé. Ìyá mi jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó wo ojú mi, ó wo àpò ọwọ́ mi, ó gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó ní, "O ti rí i."

Mo rò pé n kò tún lè gbọ́ ohun tí yóò ya mí lẹ́nu mọ́. Jókòó kí o gbọ́ ohun tí ìyá mi sọ. Ó ní nígbà tí òun ń lọ, ẹkún ni òun ń sun ní gbogbo ojú ọ̀nà. Nígbà tí òun dé ibùdó àwọn agégẹdú, wọ́n ní ẹlòmíràn ni igi pa, pé ẹni tó mú ìròyìn wálé ṣi orúkọ gbọ́. Òun dúpẹ́, òun jó. Wọ́n wá júwe ilé ọkọ òun nígboro. Òun bá a níbi tó ti ń jẹun. Obìnrin kan sì wà nínú yàrá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò mọ̀ pé ọkùnrin náà láya nílé, kò sì sí àgbà obìnrin kankan lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mo gbé omi kaná," ìyá mi wí. "Mo bá a wẹ ọmọ."

Mo lọgun. "Ẹ bá a wẹ ọmọ?"

"Kí lọmọ ṣe mí?" Ó bu ẹ̀gúsí sọ́wọ́, kò ṣẹ́ ẹ. "Mo bi bàbá rẹ bóyá á tẹ̀ lé mi wálé. Ó sorí kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tún bi í. Ó tún sorí kọ́. Mo bá yọ abẹ tí mo mú láti ilé wá nítorí òkú. Mo ní, 'Ó dáa, fún mi lóhun tí wọ́n rán mi wá gbà.' Òun fúnra rẹ̀ ló gé e fún mi, irun, èékánná ọwọ́, èékánná ẹsẹ̀. Mo dì í sínú aṣọ, mo wá ọkọ̀ wọ̀."

Mo yíjú sí ẹ̀yìn ilé, síbi tí mo ti ń fi ìgbálẹ̀ gbá ojú oórì alààyè ní gbogbo ìgbà èwe mi. Mo bi í ní ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò bínú. Ó ní, "Bí mo bá wálé sọ pé ó wà, ẹ̀yin ọmọ á máa wo ojú ọ̀nà títí ẹ ó fi dàgbà. Ọmọ ẹni tó kú á sunkún, á sì dákẹ́. Ọmọ ẹni tó sá lọ kì í dákẹ́."

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún ọkọ mi, ó gbé ìfági rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Kò sí Ìbìní mọ́ nìyẹn." Mo gbà bẹ́ẹ̀. A kò tún dárúkọ ìlú náà láàárín ara wa. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìyá mi fi wọkọ̀ wá sí Àrámọ̀kọ, òun tí kì í dédé wá bí kò bá ṣe pé mo bímọ. Kò tilẹ̀ mu omi tí mo gbé fún un kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo gbọ́ pé ẹ ò lọ mọ́. Ṣé ilé bàbá yín ni gbogbo Ìbìní ni? Ẹni tó ti kú kò lè lé alààyè nílùú. Ẹ lọ ṣiṣẹ́ yín." Ọkọ mi wò mí, mo wò ó. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dá, a ti kó lọ.

A ṣe rere níbẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bàbá náà a máa wá sí ìsọ̀ ọkọ mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ pákó. Mo máa ń gbé àga fún un, mo máa ń gbé omi fún un, ṣùgbọ́n "bàbá" kò jáde lẹ́nu mi títí ó fi kú lóòótọ́. Èmi àti ọmọbìnrin rẹ̀ ni a wá di ara wa, nítorí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àbúrò mi tó wà ní Kàdúná ní tirẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, á dìde.

Ohun tí mo fi sọ́kàn láti ìgbà náà ni pé nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń dà á rò láti ojú fèrèsé, lọ tàbí má lọ, a rò pé àwa la kọ́kọ́ dé irú oríta bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí wa. Mo ka ìyá mi sí ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí. N kò mọ̀ pé ó ti dúró ní ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn, láìsí ẹni tí yóò bi léèrè, tó sì pinnu fún gbogbo wa láàárọ̀ kan. Bóyá ó ṣe dáadáa, bóyá kò ṣe dáadáa, n kò tíì mọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn sì wà tí inú ń bí mi sí i bí ẹni pé àná ni. Ó ti kú, èmi náà ti di àgbà, ẹnu sì ń yà mí síbẹ̀.