Ilẹ̀ Gbalasa Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojú Irin Bàbá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí nítorí ọkọ̀ ojú irin ìṣeré. Bẹ́ẹ̀ ni, ìṣeré! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Benson, níbí ní Ìkòròdú. Lọ́dún tó kọjá, mo rí ọkọ̀ ojú irin kékeré kan láàárín ẹrù tòkunbọ̀, tòun ti irin tó ń sáré lé lórí. Bàbá mi ni mo rà á fún. Rélùwéè ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ìlú wa ní Ọ̀ṣun, àwọn ni wọ́n máa ń tún ojú irin ṣe. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́, ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, mo lọ kó wọn wá sọ́dọ̀ mi. Látìgbà náà, ojú fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń wo ògiri aládùúgbò.

Mo ní màá kọ́ ìlú wa sórí pákó, kí ọkọ̀ náà lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ wò ó, ojú wọn là! Wọ́n ní kí n má kàn kọ́ ọ bákan ṣá. Wọ́n ní ẹni tí kò mọ rélùwéè ló máa ń to ilé sórí pákó bí ẹni ń to agolo mílíìkì. Wọ́n ní ibi tí kò sí nǹkan kan ló ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé ọkọ̀ ń lọ sọ́nà jíjìn. Torí náà, kí n fi téṣàn sí ìpẹ̀kun kan, kí n fi ọjà sí ìkejì, kí àárín wọn jẹ́ ilẹ̀ gbalasa.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Páálí ni mo fi ṣe ilé, kànìnkànìn ni mo fi ṣe igi, mo sì po lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ ọ̀dà aláwọ̀ ewé kó lè dà bí ewéko.

Àmọ́ inú gbalasa yẹn gan-an ni ilẹ̀ bàbá mi wà. Ilẹ̀ tí wọ́n fi owó iṣẹ́ wọn rà, tí wọ́n ní ibẹ̀ ni kí n sin àwọn sí. Èmi nìkan lọmọ tó kù fún wọn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kó ìwé rẹ̀ sí.

Mo sì ti tà á.

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi ni mo tà á. Mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, mo ń tan ara mi pé màá rà á padà kí wọ́n tó mọ̀. Kò pẹ́ rárá tí ẹni tó rà á fi kọ́lé sórí rẹ̀.

Ṣé ẹ wá rí ọ̀ràn mi? Tí mo bá kọ́ ìlú náà bó ṣe wà, àṣírí á tú. Tí mo bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo, irọ́ ni mò ń kọ́. Mo fi sílẹ̀ lófo.

Koríko gbígbẹ tí màá fi bo gbalasa náà ló kù. Mo lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ Alhaji, bàbá ìyàwó mi. Apẹja ni wọ́n. Bí mo ṣe ń ṣa koríko gbígbẹ létí ọ̀sà, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé mo ti ń sin ewúrẹ́ ni. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbé àwọ̀n sílẹ̀.

"Ilẹ̀ tóo ti tà, òun náà lo tún ń wá koríko fún?"

Wọ́n ní kí n lọ bá bàbá mi lọ́jọ́ náà, kí n dọ̀bálẹ̀, torí bàbá tó wà láàyè ṣì lè dárí jini. Mo ní ẹ ṣé, sà. Mo délé, mo tún lẹ koríko mọ́ ọn! Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́ tí mo parí rẹ̀, mo gbé bàbá síwájú pákó. Ọkọ̀ gbéra. Wọ́n wò ó títí tó fi la gbalasa náà kọjá. Wọ́n ní ó dára, pé bí ibẹ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn nígbà tí àwọn rà á. Wọ́n wá ní kí n mú ọ̀kan wá nínú àwọn ilé páálí tó ṣẹ́ kù. Mo rò pé wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Wọ́n gbé e lé àárín gbalasa, wọ́n sún un díẹ̀ kó lè kọjú sí ojú irin.

"Ibẹ̀ ló wà," wọ́n ní. "Òrùlé rẹ̀ pupa."

Ará ìlú wa kan ló ti ń pe bàbá láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé náà títí wọ́n fi kan òrùlé rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi ò tiẹ̀ sá débì kan! Bàbá ní àwọn ń dúró kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ ni. Wọn ò pariwo, wọn ò ṣépè. Wọ́n kàn bi mí pé:

"Ibo lo wá fẹ́ sin mí sí báyìí?"

Mo dọ̀bálẹ̀.

Wọ́n kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Itẹ́ òkú ìjọba ni mo sin wọ́n sí, láàárín àwọn tí wọn ò mọ̀ rí. Sàréè fara kan sàréè níbẹ̀, kò sí gbalasa kankan.

Tẹ́ ẹ bá ń fi nǹkan kan pa mọ́ fún òbí yín, ẹ lọ sọ ọ́ lónìí. Wọ́n lè ti mọ̀, kí ó tẹnu yín jáde ni wọ́n ń dúró dè. Ẹ má ṣe dúró de koríko bíi tèmi.

Pákó náà ṣì wà ní pálọ̀ mi. Mi ò lè gbé ilé yẹn kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Tẹ́yin náà bá ti dákẹ́ rí títí ó fi pẹ́ jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ má tù mí nínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá èmi nìkan ni.