Ọjọ́ Jímọ̀ Tí Mo Gbàgbé

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo ti lo oṣù márùn-ún ní ọ́fíìsì kan ní Warehouse Road, l'Àpápá. Iṣẹ́ wa ni láti bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní wáàfù. Ìwé ni wọ́n fi síkàáwọ́ mi. Mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nọ́ńbà tó wà lára kọ̀ǹtéénà bá ti inú ìwé mu, lẹ́yìn náà ni màá gbé e lọ sí káńtà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n lè tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Ó rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ fi dán mi wò, oṣù kan péré ló sì kù, mo sì ti pẹ́ dé káńtà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Màdáámù tó ni ọ́fíìsì ti sọ fún mi, láìgbóhùn sókè rárá, pé bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, òun ò ní buwọ́ lu lẹ́tà tí yóò sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi.

Mi ò kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí gbà mí gbọ́, torí ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá rò bẹ́ẹ̀. Àkókò ni kì í dúró sí ojú kan fún mi. Láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì wa, èèyàn lè rí orí àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹtéénà sókè, tí wọ́n ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú. Màá kàn wò wọ́n ní aago mẹ́sàn-án, màá rò pé ìṣẹ́jú kan ni mo fi wò wọ́n, aago mọ́kànlá á sì ti lù. Ohun kejì ni ẹ̀rù. Ẹ̀rù ọkùnrin tó wà ní káńtà máa ń bà mí, bó ṣe ń ṣí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ̀rọ̀, tí á wá gbójú sókè. Torí náà, màá kọ́kọ́ dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́, màá to fáìlì, màá nu orí tábìlì. Ọwọ́ mi kì í dilẹ̀. Ìgbà tí mo bá fi máa rántí ìwé tó wà nídìí gbogbo rẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

Ìyẹn ni mo ṣe jókòó ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, nílé wa l'Ájégúnlẹ̀, tí mo ya ètò ọjọ́ mi sórí páálí funfun. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo pín in sí, pẹ̀lú àwọ̀ mẹ́rin. Mo tún gbé e sórí fóònù, kó lè máa gbọ̀n lápò mi bí àkókò kọ̀ọ̀kan bá ti pé. Ọjọ́ iṣẹ́ márààrún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n gùn bákan náà, wọ́n fẹ̀ bákan náà, bíi kọ̀ǹtéénà márùn-ún. Mo kọ "ìrun, ìṣẹ́jú mẹ́wàá" síbi tó yẹ. Ìbàlẹ̀ ọkàn tí mo ní nígbà tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri pọ̀ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Bàbá mi dúró níwájú rẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá sí Èkó kí wọ́n tó bí mi, táyà tírélà ni wọ́n ń tà ní Malu Road, wọn kì í sì í wọ aago ọwọ́. Wọ́n á ní kí oníbàárà padà wá lẹ́yìn ìrun Àìlà ọ̀sán, tàbí pé ẹrù á ti dé kí wọ́n tó pe ìrun Alaasari ìrọ̀lẹ́, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ dára.

Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, mo jí pẹ̀lú àlá tí mi ò rántí, ó kàn wà lára mi bí òórùn ọṣẹ. Bàbá mi ń lọ aṣọ funfun wọn. Wọ́n bi mí bóyá màá ráàyè kírun lónìí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú ètò mi. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo wé híjáàbù mi, mo jáde. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ rọra bo Malu Road, eruku ibẹ̀ ń dán yinrinyinrin, àwọn tírélà tó tò síbẹ̀ sì dà bí ẹran ńlá tó ṣì ń sùn.

Ìwé kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì lọ́jọ́ náà. Oníbàárà wa kan n'Ìbàdàn kó ẹ̀rọ ìránṣọ wọlé, tírélà rẹ̀ sì ń bọ̀ wá gbé kọ̀ǹtéénà náà ní kété tí káńtà bá ti tẹ òǹtẹ̀. Aago mẹ́ta ni káńtà máa ń tì. Aago kan ni ètò mi fi síbi káńtà, torí mo fẹ́ kí àyè wà. Fóònù gbọ̀n, mo dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́. Ó tún gbọ̀n, mo to fáìlì. Ohun tó sọ ni mo ń ṣe. Inú mi dùn lọ́nà tí mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ tán: ó dà bíi pé ẹnìkan di ọwọ́ mi mú tó ń mú mi kọjá lórí omi. Nígbà tí aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo gbé ìwé náà, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ìta dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì tírélà kankan ò dún. Mo rò pé inú mi tó dákẹ́ ló fà á. Mo rìn lọ báyìí pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, títí mo fi dé géètì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi náà. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ń jẹ ẹ̀pà. Ó wo ìwé ọwọ́ mi, ó wo híjáàbù mi.

"Àlàájà, ta lẹ ń wá?"

Mo ní káńtà ni, sà.

"Wọ́n ti lọ kírun. Bí wọ́n bá ti lọ báyìí lọ́jọ́ Jímọ̀, ó di Mọ́ńdè." Ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. "Èmi tí mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wá ń sọ fún ẹ̀yin pé Jímọ̀ lòní."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí wọn. Àwọn dírẹ́bà tẹ́ ẹní àti páálí sí àárín tírélà méjì, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, bàtà wọn wà lẹ́yìn wọn. Ohùn lèmọ́mù ń bọ̀ láti ibì kan tí mi ò rí. Wọ́n tẹríba lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo òpópónà náà sì dà bí ẹni tó mí sínú tí kò tíì mí síta. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, wákàtí yìí ti máa ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi ni mo ya ọjọ́ kan tí kò sí nínú rẹ̀. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìtìjú yẹn, ara mi balẹ̀ díẹ̀, bí ara ẹni tí ohun tó ń bẹ̀rù ti dé bá.

Fóònù mi gbọ̀n. Ó ní kí n lọ dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́. Ó sì wù mí láti ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ jù lọ níbí. Ó wù mí kí n to ìwé ọwọ́ mi, kí n kọ̀wé ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́ta, kí Màdáámù gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì nírọ̀lẹ́, bíi ti ìgbà méjì àkọ́kọ́. Mo pe Màdáámù.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, mo ti pẹ́. Wọ́n ti lọ kírun. Mo gbàgbé pé Jímọ̀ ni, mà."

Ó ní, "Ìwọ? Ìwọ lo gbàgbé Jímọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tírélà ńkọ́? Ṣé ó ti kúrò n'Ìbàdàn?"

Mo ní mi ò mọ̀, pé òun ni mo kọ́kọ́ pè. Ó ní kí n pe oníbàárà fúnra mi, kí n má rán ẹnikẹ́ni. Oníbàárà náà sọ̀rọ̀ sí mi débi pé etí mi gbóná, ó bi mí bóyá ilé ìwé ni mo ti ń bọ̀ àbí ibi ìsinmi. Ṣùgbọ́n tírélà ṣì wà nílé epo, ó ń ra dísù. Wọ́n dá a padà. Lẹ́yìn náà mo bọ́ bàtà, bàbá géètì fún mi lómi àlùwàlá nínú kẹ́tù rẹ̀, mo sì kírun Àìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá rẹ̀, mi ò wo aago.

Ní ọjọ́ Ajé, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, òǹtẹ̀ ti wà lórí ìwé náà. Màdáámù pè mí wọlé, ó na ẹ̀dà lẹ́tà kan sí mi. Kì í ṣe èyí tí mò ń retí. Wọ́n fi oṣù mẹ́ta kún ìdánwò mi.

"Mo ti sọ pé mi ò ní buwọ́ lù ú, mi ò sì buwọ́ lù ú," ó ní. "Ṣùgbọ́n nígbà méjì àkọ́kọ́, ẹnu oníbàárà ni mo ti gbọ́. Tọ̀tẹ̀ yìí, ẹnu rẹ ni, kí tírélà tó gbéra. Ohun tí oṣù mẹ́ta yẹn wà fún nìyẹn."

Mo dúpẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá inú mi dùn tàbí ó bàjẹ́, àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀, wọn ò bá ara wọn jà. Ó bi mí kí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀ yìí. Mo fẹ́ dárúkọ nǹkan tó rọrùn. Mo wá sọ fún un pé ìwé kan wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bára mu, láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń fi ìwé mìíràn bò ó.

Ó wò mí. Ó fa àga kan sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

"Lọ gbé e wá."