Obìnrin Tó Sọ̀kalẹ̀ ní Ilé-Ogbó

Títí di òní ni inú ń bí mi sí àwọn tó ṣe eré yẹn. Eré àtìgbàdégbà ni, ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, èmi àti ìyá mi kì í sì í pa á jẹ. Ìyá ọkọ kan ló ń fojú ìyàwó ọmọ rẹ̀ rí màbo, títí di ọjọ́ tí ìyàwó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, tó gbé e rù, tó sì forí lé ibùdókọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n já a sí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, eré mìíràn la bá níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Ìyá mi ò mọ̀wé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìwó ló máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, tí yóò máa bó ẹ̀gúsí tó ń tà, tẹlifíṣọ̀n yẹn sì ni gbogbo fàájì rẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń bi mí pé, "Níbo ni obìnrin yẹn wá gbà báyìí?" àfi bí ẹni pé èmi ni mo wa ọkọ̀ tó gbé e. Ọmọ iléèwé girama ni mí nígbà náà. Nígbà tí ìbéèrè náà sú mi, mo mú ìwé ẹsásáìsì kan, mo kọ ibi tó gbà. Mo ní ó sọ̀kalẹ̀ ní Ilé-Ogbó, ó lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀. Ilé-Ogbó ni mo mú torí pé ọ̀nà ibẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ dáadáa.

Mo jókòó ti ìyá mi, mo ń kà á. N kò tíì ka ìlà mẹ́ta tó fi dá mi dúró.

"Dúró ná. Ó wọlé tọ àbúrò bàbá rẹ̀, kò kí wọn?"

Mo ní, "Ẹkún ló ń sun, Màámi. Kò ráyè kíkí."

"Ẹkún kì í di èèyàn ní orúnkún. Lọ tún un ṣe."

Mo lọ tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń sọ ohun tó bá wá nínú ìtàn mi láì kọ́kọ́ kíni tán. Wọ́n ń kí ara wọn kú oko, wọ́n ń kí ara wọn kú ọ̀gbẹlẹ̀. Olùkọ́ iléèwé kéwú kan láti Kuta tó fẹ́ fẹ́ obìnrin náà wá kí wọn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó lè la ẹnu sọ ohun tó gbé e wá. Lọ́jọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ àtijọ́ wá bẹ̀bẹ̀, ìyàwó àbúrò bàbá obìnrin náà dá kíkí rẹ̀ lóhùn ní ìdajì, ó sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn dun ìyá ọkọ yẹn ju ìgbájú lọ." Báyìí ni mo ṣe kọ ìwé ẹsásáìsì mẹ́rin kún. N kò mọ̀ pé mo mọ nǹkan kan í ṣe.

Ìgbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo ní fóònù, tí mo sì rí i pé àwa tí a fẹ́ràn eré yẹn kò kéré. Wọ́n ní gúrúùpù kan tí wọ́n ti ń kọ ìyókù rẹ̀, kálukú bó ṣe wù ú. Mo fi tayọ̀tayọ̀ tẹ tèmi ránṣẹ́ láti inú ìwé. Ẹni àkọ́kọ́ tó fèsì ní, "Sísítà, kíkí yìí pọ̀ jù, ẹ mú wa débi ìjà." Èkejì ní kí wọ́n tó kí ara wọn tán, dátà òun ti tán. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí gan-an, bí ẹni tó wọ aṣọ abúlé wọ ìgboro.

Mo pa èyí tí mo fi ránṣẹ́ rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Kíkí ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà oúnjẹ, lẹ́yìn náà Ilé-Ogbó fúnra rẹ̀. Obìnrin náà di olówó nílùú òyìnbó, olùkọ́ Kuta di oníbílíọ̀nù. Bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn, ìgbájú ni. Abala kọ̀ọ̀kan kì í parí àfi kí ẹnìkan dákú. Ọ̀rọ̀ mi wá kúrú débi pé mo lè tẹ abala kan tán nínú kẹ̀kẹ́ kí n tó débi tí mò ń lọ. Àwọn òǹkàwé ń pọ̀ sí i, wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá, n kò sì ní purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Nígbà tí mo wálé fún ọlidé, mo ka ọ̀kan fún ìyá mi. Kò dá mi dúró rárá. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní, "Ó dáa. Ṣé o ti jẹun?" Kò tún ní kí n ka nǹkan kan mọ́. Inú bí mi. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo kó ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí èèpo ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, mo sì dáná sun ún, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé irú rẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mò ń jó, mo ní ìwé iléèwé àtijọ́ ni.

Láti ọdún tó kọjá ni ojú ìyá mi ti ṣókùnkùn. Ó ṣì ń fọwọ́ wá ẹ̀gúsí bó, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ò wúlò fún un mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Ka ti obìnrin ọjọ́sí yẹn fún mi, ti inú ìwé." N kò lè sọ òótọ́. Mo ní ìwé ti sọnù, pé màá tún un kọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í. Mo ti kíkí bọ̀ ọ́ níbi gbogbo tó bá gbà á. Nígbà tí mo kà á, ìyá mi mirí.

"Àwọn wọ̀nyí kàn ń kí ara wọn ni."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ni, bí mo ṣe kọ ọ́ lọ́mọdé, kò yẹ̀ rárá. "Obìnrin náà sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ kú ìjókòó. Bàbá ò wojú rẹ̀, ẹrù ló ń wò. Bàbá ní, o kú ìrìn, àwọn ará ilé ọkọ rẹ ńkọ́? Ó ní wọ́n wà dáadáa, wọ́n ní kí n kí yín. Bẹ́ẹ̀, ìyà ló lé e kúrò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rán an ní kíkí. Bàbá mọ̀. Bàbá ní, mo gbọ́, lọ mu omi."

Mo ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù bó ṣe ń sọ ọ́, omi ń bọ́ lójú mi. N kò yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo fi í ránṣẹ́ sí gúrúùpù, mo sì ń retí. Kò pẹ́ tí èsì fi dé. "Ọ̀gá, ta lẹ gbé iṣẹ́ yín fún? Èyí ò jọ tiyín rárá." Ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n tètè gbà á padà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Fóònù ń dún léraléra.

Ìyá mi yíjú síbi tí ìró náà ti ń wá.

"Ṣé àwọn èèyàn rẹ nìyẹn? Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Ó dùn mọ́ wọn, Màámi. Wọ́n ní kí n kí yín."

Ó tún ti ọwọ́ bọ inú àwo ẹ̀gúsí.

Ó ní, "Mo gbọ́. Lọ mu omi."