Ọ̀gbẹ́ni Stroud àti Òfin Àtàǹpàkò

Àlejò kì í dé ìlú Wickett, ní Oregon, kó má gbọ́ ìtàn àtàǹpàkò kó tó jẹun alẹ́. Bí ẹni àkọ́kọ́ ò bá sọ ọ́, ẹni kejì á sọ ọ́, á sì bu iyọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ojú mi ló ṣe.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé gírámà wa kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ Ẹtì náà. Brent Mahaffey àti Tessa Lindgren, ọmọ kíláàsì àṣekágbá, wà lórí ìtàgé, eré ti fẹ́ parí, ó ku kí olólùfẹ́ fẹnu ko olólùfẹ́ lẹ́nu kí aṣọ ìtàgé wálẹ̀. Òfin sì ti wà fún ìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Orville Stroud, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní eré, ló ṣe é. Ọmọkùnrin á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin mú, á fi àtàǹpàkò bo ètè rẹ̀, á kẹ̀yìn sí àwọn òǹwòran, àtàǹpàkò ara rẹ̀ ni á sì fẹnu kò. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò ní mọ̀. Brent kẹ̀yìn sí wa, ó tẹrí ba, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí Ọ̀gbẹ́ni Stroud ṣe dìde nìyẹn.

"Brent, àtàǹpàkò dà?"

Brent ò yíjú padà. Ó kàn na ọwọ́ méjèèjì sókè, gbogbo wa rí àtàǹpàkò méjèèjì lókè, ẹnu rẹ̀ sì wà níbi tó wà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Stroud. Ọkùnrin yẹn lè fura sí òjìji ara rẹ̀. Bí ìyá kan bá gbé bisikíìtì wá síbi ìdánrawò, á gbé e sí imú, á wo bisikíìtì, á wo ìyá, á wá bi í pé ipa wo lọ́mọ rẹ̀ ń wá nínú eré. Ìyá kan ní òun ò lọ́mọ nílé ìwé náà, òdìkejì títì lòun ń gbé, òun kàn rí i pé ebi ń pa àwọn ọmọ ni. Ọ̀gbẹ́ni Stroud ní irú wọn ló léwu jù. Ó sì jẹ bisikíìtì náà tán.

Ẹni tó fura sí jù ni Kóòṣì Denny Rusk, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìjàkadì. Ó dá a lójú pé Kóòṣì fẹ́ gba ìtàgé náà láti tẹ́ ẹní ìjàkadì sí. Bí aago iná bá dún, tí gbogbo ilé ìwé bá jáde, kò ní jáde àfi tó bá rí Kóòṣì níta. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan gúgúrú gbiná lóòótọ́, èéfín gba gbogbo ilé. Kóòṣì ló wọlé lọ gbé Ọ̀gbẹ́ni Stroud lé èjìká jáde, òun náà sì ń pariwo lórí èjìká pé ọgbọ́n tí wọ́n fẹ́ fi gba ìtàgé nìyẹn.

Eré kan náà ni Ọ̀gbẹ́ni Stroud ń ṣe lọ́dọọdún. Eré àtijọ́ ni, láti ìgbà tí àwọn ọkùnrin ń wọ irun àtọwọ́dá. Alágbàtọ́ kan ń fura sí gbogbo ayé, ó ti ọmọbìnrin tó ń tọ́ mọ́lé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá díbọ́n pé olùkọ́ orin lòun, bó ṣe ráyè wọlé nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Stroud sọ ọ́ di ti àwọn ọmọ wa. Alágbàtọ́ di bàbá tó ń fi mọ́tò wá gbé ọmọ rẹ̀ lẹ́nu géètì lójoojúmọ́, olólùfẹ́ di ọmọkùnrin tó mọ ìṣirò dáadáa àmọ́ tó ń mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi kí ọmọbìnrin náà lè máa kọ́ ọ, ìgbéyàwó sì di ijó ìparí ọdún. Gbogbo wa la mọ ẹni tí alágbàtọ́ náà jọ. Òun nìkan ni ò mọ̀.

Ohun kejì tí òun nìkan ò mọ̀ ni Nadine Pruett. Opó ni, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì ń bá wọn tẹ dùùrù látìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yẹn débi pé ajá ìlú mọ̀. Ó hun ìborùn òtútù kan fún un, aláwọ̀ ewé àti ìyeyè. Ọ̀gbẹ́ni Stroud yẹ̀ ẹ́ wò lọ sókè lọ sódò, ó ní àwọ̀ àwọn oníjàkadì nìyí, ta ló rán an? Àwọ̀ ilé ìwé ni, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì ìtàn àtàǹpàkò, kí eré ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀, Tessa lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Stroud. Ó ní Ìyáàfin Pruett ń kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Arizona lọ́jọ́ Ajé, wọn ò sì ní padà.

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Ẹrù wọn ti wà nínú ọkọ̀."

Ó jáde lọ wò ó. Àpótí kún inú mọ́tò lóòótọ́. Nadine dúró tì í, ó ń wọ ìbọ̀wọ́.

"Ìyáàfin Pruett, ta ló ń lé yín lọ?"

"Ẹ̀yin ni," obìnrin náà dá a lóhùn. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi dùùrù bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ ní Kóòṣì ló rán mi. Ó ti rẹ̀ mí."

Obìnrin náà wọlé lọ tẹ dùùrù rẹ̀.

Nílé ìwé wa, tí eré bá parí, àwọn ọmọ máa ń fa tíṣà àti onídùùrù gun orí ìtàgé, wọ́n á fún wọn ní òdòdó. Ọdọọdún ni Ọ̀gbẹ́ni Stroud ń sá, ó ní òun ò mọ ohun tó wà nínú òdòdó. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fà á. Òun fúnra rẹ̀ ló gun orí ìtàgé. Ó gba òdòdó, ó tú u wò díẹ̀, ẹ má bínú, ìwà ni, ó sì gbé e fún Nadine. Gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ohun tó sọ.

"Nadine, má lọ."

Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó kẹ̀yìn sí wa, ó tẹrí ba. Ohùn Kóòṣì Rusk ló bú jáde láti ẹ̀yìn pé, "Orville, àtàǹpàkò dà?"

Ọ̀gbẹ́ni Stroud ò yíjú padà. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

Kóòṣì ló bá wọn kó àpótí padà sílé lọ́jọ́ kejì. Ó ní wọ́n fúyẹ́ jù. Ó ṣí wọn, òfìfo ni gbogbo wọn, àpótí yàrá aṣọ eré. Àwọn ọmọ tó ti fi ọdún kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan alágbàtọ́ jẹ lórí ìtàgé ò kúkú kọ́ ọ lásán, àwọn ni wọ́n bá Nadine dá ọgbọ́n náà. Ẹ̀rù ba Kóòṣì láti sọ fún un, àmọ́ ó sọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Stroud ní òun ti fura láti ibi tí atẹ́gùn ti ń gbé ìdérí wọn. Òun kàn rò ó pé bí òun bá ṣí i, tí òun sì jàre, òun nìkan ni òun á tún dá lọ sílé.

Òun àti Nadine ṣègbéyàwó, wọ́n sì pẹ́ pọ̀. Ìgbà òtútù tó kọjá ni Ọ̀gbẹ́ni Stroud kú. Ìborùn ewé àti ìyeyè ló wà lọ́rùn rẹ̀ nínú pósí, Kóòṣì sì wà lára àwọn tó gbé e. Ì bá ti fura sí ìyẹn náà.

Kí wọ́n tó pa pósí dé ní ṣọ́ọ̀ṣì, Nadine lọ dúró tì í. Ó fi àtàǹpàkò bo ètè ọkọ rẹ̀, ó tẹrí ba, ó sì fẹnu ko àtàǹpàkò náà, bí òfin ṣe wí. Tessa ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ Brent ọkọ rẹ̀, ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bá bú sẹ́rìn-ín, ẹkún ń bọ́ lójú wa.

Nadine dúró kí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ àtàǹpàkò kúrò, ó sì tún tẹrí ba.